Àwòrán sátẹ́láìtì Ìbàdàn dúdú bí èédú lójú kọ̀ǹpútà yín? Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní Ìbàdàn, tí odò Ògùnpa àti odò Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í kún, àwòrán ìlú láti ojú òfuurufú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti fóònù dé fóònù. Apá kan pupa, apá kan búlúù, kálukú ń wá àdúgbò rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ sínú pupa á gbà pé àgbàrá ti dójú lé òun, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ igi máńgòrò àti koríko tútù ni pupa yẹn ń tọ́ka sí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á wa fáìlì gan-an jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣí i, á bá òkùnkùn biribiri. Ẹlòmíràn á bá funfun báláú. Ẹlòmíràn á rí ìlú tó mọ́ kedere, àmọ́ adágún Elẹ́yẹlé á ti kúrò ní àyè rẹ̀.

Ìdí kan náà ló so gbogbo wàhálà yìí pọ̀: nọ́ńbà ló wà nínú fáìlì. Àwọ̀ jẹ́ aṣọ tí kọ̀ǹpútà ń rán fún nọ́ńbà yẹn nígbà tó bá fẹ́ gbé e síwájú ojú wa. Bí kò bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, á rán èyí tó há mọ́ ọn lára tàbí èyí tó ń wọ́ nílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àwọ̀ kò ní pẹ́ rí àìsàn fáìlì náà.

## Kí ni wọ́n ń pè ní raster?

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Wọ́n pín aṣọ náà sí ojú onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ọnà tirẹ̀ wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, òpó gbọ̀ngàn Mápó sì wà lára wọn. Bí raster ṣe rí nìyẹn: ilẹ̀ tí a pín sí ojú onígun mẹ́rin tó dọ́gba, lóòró àti níbùú. Ojú kọ̀ọ̀kan là ń pè ní píksẹ́lì. Níbi tí aládìrẹ ti ya ọnà, nọ́ńbà ni sátẹ́láìtì kọ síbẹ̀.

Nínú àwòrán Landsat 8, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú ní February 2013, ojú kan jẹ́ 30 mítà sí 30 mítà. Ti Sentinel-2, sátẹ́láìtì mìíràn, jẹ́ 10 mítà sí 10 mítà fún àwọn ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Èyí túmọ̀ sí pé ilé kan ṣoṣo ní Bẹẹrẹ kò lè dá ní píksẹ́lì tirẹ̀ nínú Landsat. Òun, ilé aládùúgbò rẹ̀ àti ọ̀nà tóóró tó wà láàárín wọn ló jọ ń gbé inú nọ́ńbà kan. Ẹni tó bá gbé àwòrán Landsat dání tó ń sọ pé ilé yìí wà nínú ewu, ilé kejì kò sí, ohun tí àwòrán náà kò mọ̀ ló ń sọ.

Nọ́ńbà náà lè jẹ́ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara ilẹ̀. Ó lè jẹ́ gíga ilẹ̀ ní mítà. Ó sì lè jẹ́ àmì lásán, bí ìgbà tí a bá ní 10 dúró fún igi, 50 dúró fún ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí oríṣi nọ́ńbà ló ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ fáìlì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù: bándì. Sátẹ́láìtì máa ń wo ilẹ̀ kan náà ní ojú ìmọ́lẹ̀ pupa, ní ti àwọ̀ ewé, ní ti búlúù, àti ní ti infrared tí ojú ènìyàn kò rí rárá. Àkójọ nọ́ńbà tó tinú ìmọ́lẹ̀ kan jáde ni bándì kan. Kí àwòrán tó ní àwọ̀ lójú wa, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mú bándì mẹ́ta, kó fi ọ̀kan tan iná pupa, ọ̀kan tan iná ewé, ọ̀kan tan iná búlúù.

## Irú fáìlì wo ló wà lọ́wọ́ yín?

GeoTIFF, tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .tif, ló wọ́pọ̀ jù. TIFF jẹ́ àpótí àwòrán tó ti wà láti 1986. GeoTIFF ni àpótí kan náà tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí nínú: ibi tí igun òkè lápá òsì wà lórí ilẹ̀, bí píksẹ́lì kan ṣe tóbi tó, àti ètò òǹkà tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ náà, èyí tí QGIS, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo àwòrán ilẹ̀, ń pè ní CRS. Bí ẹ bá fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ìgbéyàwó ṣe ṣí GeoTIFF, tí ẹ sì tún un fi pamọ́ níbẹ̀, àdírẹ́sì yẹn sábà máa ń já dànù. Àwòrán á fi bẹ́ẹ̀ dára sí i, àmọ́ kò ní mọ ilé rẹ̀ mọ́.

Sentinel-2 máa ń wá ní .jp2, bándì kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ẹyọ kan, àwọ̀ eérú ni yóò rí. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́, bándì kan ló ṣí. Àwọn .jpg àti .png kì í sábà gbé àdírẹ́sì sínú ara wọn, fáìlì kékeré tó ń jẹ́ .jgw tàbí .pgw ló ń bá wọn gbé e. Gíga ilẹ̀ ni .hgt ń gbé. Tí ẹ bá pàdé .ecw tàbí .sid tí QGIS yín kọ̀ láti ṣí, ẹ má fi ọjọ́ ṣòfò lórí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ló ni àṣẹ lórí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó fún yín bá yín yí i sí GeoTIFF. Bí fáìlì .tif tí ẹ ń ṣe bá sì kọ̀ láti parí nígbà tó dé 4 GB, ibi tí agbára TIFF àtijọ́ mọ nìyẹn; ẹ fi -co BIGTIFF=YES kún àṣẹ GDAL yín, irú èyí tí ẹ máa rí nísàlẹ̀.

## Báwo la ṣe ń wo nọ́ńbà inú fáìlì?

Ọ̀fẹ́ ni QGIS. Bí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, GDAL bá a wá. GDAL ni àpò irinṣẹ́ tí Frank Warmerdam bẹ̀rẹ̀ ní 1998, òun ni QGIS fúnra rẹ̀ fi ń ṣí raster. Lórí Windows, ẹ wá OSGeo4W Shell, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí:

gdalinfo -mm ibadan.tif

Ohun tó máa sọ lè gùn. Àwọn ìlà tí ẹ ń wá nìyí, láti ara àwòrán Sentinel-2 tí a gé kó bá ìlú Ìbàdàn mu:

Size is 2000, 2000
Origin = (594000.0,826000.0)
Pixel Size = (10.0,-10.0)
Band 1 Block=256x256 Type=UInt16, ColorInterp=Gray
Computed Min/Max=1012.000,9874.000
NoData Value=0

Píksẹ́lì 2000 ní ìbú, 10 mítà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 20 kìlómítà. Origin ni igun òkè lápá òsì. Ìlà kẹrin ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ àwọ̀: UInt16 túmọ̀ sí pé nọ́ńbà inú píksẹ́lì lè bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 65535. Ká ní Byte ló kọ síbẹ̀ ni, 0 dé 255 péré ni. Ìlà karùn-ún sọ nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìlà tó kẹ́yìn ń sọ pé ibi tí ẹ bá ti rí 0, kò sí àwòrán níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ń gbani lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

## Kí ló dé tó dúdú, kí ló dé tó funfun?

Irinṣẹ́ tí a fi ń wo fọ́tò lásán gbà pé 65535 ni funfun, 0 ni dúdú. Nínú Sentinel-2, ohun tó bá ta 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà, nǹkan bíi 3000 ni nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti ewé kò sì tó bẹ́ẹ̀. 3000 nínú 65535 kò pé 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dà bí ẹni da kóńgò gàrí kan sínú àgbá ńlá: gàrí wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bẹjú wo inú àgbá láti òkè á ní òfìfo ni. Dúdú tí ẹ rí nìyẹn. Nǹkan kan kò ṣe fáìlì náà.

Tó bá jẹ́ wíwò lásán lẹ fẹ́, ẹ lọ sí Properties nínú QGIS, ẹ wọ Symbology, kí ẹ yan Cumulative count cut ní 2 sí 98. Á gé àwọn nọ́ńbà tó jìnnà sí ẹgbẹ́ wọn kúrò, á fa ìyókù láti dúdú dé funfun. Èyí kò fọwọ́ kan fáìlì rárá.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní Àgbọ̀wọ́ tàbí kí ẹ fi sínú ìròyìn, ẹ ṣe ẹ̀dà Byte:

gdal_translate -ot Byte -scale 1000 4000 0 255 ibadan.tif ibadan8.tif

Ó ní kí 1000 di 0, kí 4000 di 255, kí àwọn tó wà láàárín pín àyè láàárín wọn. Bí ẹ bá gbàgbé -scale, tí ẹ kọ -ot Byte nìkan, gbogbo nọ́ńbà tó ju 255 lọ á di 255. Nínú àwòrán tiwa, èyí tó kéré jù jẹ́ 1012, torí náà gbogbo Ìbàdàn á funfun báláú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì tún fáìlì wà jáde lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi dátà ṣòfò, nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré ló sọnù nínú àṣẹ.

Kí ló gbé 1000 wá? Láti 25 January 2022 ni àwọn tó ń bójú tó Sentinel-2 ti ń fi 1000 kún nọ́ńbà gbogbo píksẹ́lì, kí nọ́ńbà ibi òkùnkùn má baà di òdo. Fún àwòrán tí wọ́n ti ṣètò ṣáájú ọjọ́ náà, -scale 0 3000 ni kí ẹ lò. Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá fi àwòrán 2021 wé ti 2023 láìyọ 1000 kúrò, á rí i pé gbogbo ìlú ti mọ́lẹ̀ sí i, á sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti gé igi tán. Landsat Level-2 ní òfin tirẹ̀: ẹ sọ nọ́ńbà di púpọ̀ ní 0.0000275, kí ẹ yọ 0.2. Torí náà 7273 ni òdo níbẹ̀, 18182 sì ni 30 nínú ọgọ́rùn-ún. -scale 7273 18182 ló bá a mu.

Bí ẹ bá so àwòrán méjì pọ̀, tí Mọ̀níyà dúdú tí Ọlọ́dẹ mọ́lẹ̀, tí ìlà tó tọ́ gbọ̀n-ọ́n-rán wà láàárín wọn, ẹ̀rọ ló dá ìwọ̀n rán aṣọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ fi ọwọ́ yín kọ nọ́ńbà kan náà fún méjèèjì.

Ẹ̀dà Byte wà fún ojú nìkan. Ìṣirò, orí ojúlówó fáìlì ni kí ẹ ti ṣe é.

## Òrùlé Bẹẹrẹ di búlúù, igbó di pupa

Ìbàdàn ní òṣùwọ̀n àwọ̀ tí kò sí ní gbogbo ìlú: òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba dé Òjé. Ẹni tó bá ti dúró sí Mápó rí mọ àwọ̀ yẹn. Bí ẹ bá ṣí àwòrán tí òrùlé wọ̀nyẹn di búlúù, pupa àti búlúù ti gba àyè ara wọn.

Ohun tó sábà ń fà á ni pé bándì Sentinel-2 ń jẹ́ B02, B03, B04. B02 ni búlúù, B04 ni pupa. Kọ̀ǹpútà tó bá tò wọ́n bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra á gbé búlúù ṣáájú, iná pupa sì ni ẹni àkọ́kọ́ ń tàn. Ẹ tò wọ́n fúnra yín:

gdalbuildvrt -separate ibadan.vrt B04.jp2 B03.jp2 B02.jp2

Bí wọ́n bá ti wà nínú fáìlì kan tẹ́lẹ̀, gdal_translate -b 3 -b 2 -b 1 á yí wọn padà. Fún Landsat 8 àti 9, bándì 4, 3, 2 ló ń fúnni ní àwọ̀ tí ojú mọ̀. Fún Landsat 5 àti 7, 3, 2, 1 ni. Ẹni tó bá gbé ìlànà àtijọ́ lọ bá Landsat 8, àwòrán tó dà bíi búlúù tí ìkùukùu bò ni yóò bá.

Igbó tó pupa ńkọ́? Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ewé tútù máa ń ta infrared padà gan-an, ju bó ṣe ń ta àwọ̀ ewé padà lọ. Àwọn onímọ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi infrared tan iná pupa, ìyẹn bándì 5, 4, 3 nínú Landsat 8, kí igi lè yọ gedegbe. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, igbó tó wà nínú ọgbà IITA á pupa fòò, omi Elẹ́yẹlé á dúdú. Àwòrán tí ẹ rí lórí WhatsApp tí kò ní àlàyé àwọ̀ lábẹ́, ẹ má tíì sá kúrò nílé nítorí pupa inú rẹ̀. Ẹ béèrè bándì tó ń tan pupa yẹn ná.

## Omi pòórá: ọ̀rọ̀ bándì kẹrin

Fọ́tò dírónù tàbí ti bàálù máa ń ní bándì mẹ́rin tó jẹ́ Byte: pupa, ewé, búlúù, infrared. Ẹ ṣí i, ilé hàn dáadáa, àmọ́ adágún omi ti di ihò tí ẹ fi ń rí ohun tó wà lábẹ́. Ìrinṣẹ́ yín ló rò pé bándì kẹrin ni alpha, ìyẹn bándì tó ń sọ bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó: 255 nípọn pátápátá, 0 dà bí atẹ́gùn. Omi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ta infrared padà, nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ló bá pòórá.

Nínú QGIS, ẹ lọ sí Transparency, kí ẹ fi Transparency band sí None. Láti wo ó sàn pátápátá: gdal_edit.py -colorinterp_4 undefined foto.tif.

## Fáìlì tó gbé ìwé àwọ̀ dání

Àwọn fáìlì kan ní bándì kan péré, síbẹ̀ wọ́n ní àwọ̀. Nọ́ńbà inú wọn jẹ́ àmì, wọ́n sì gbé ìwé kékeré dání tó ń sọ pé nọ́ńbà báyìí, àwọ̀ báyìí. WorldCover, àwòrán ìlò ilẹ̀ tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 10 mítà, wà lára wọn: 10 ni igi, 30 ni koríko, 50 ni ilé, 80 ni omi. Tí ìrinṣẹ́ kan kò bá ka ìwé yẹn, eérú ni ẹ máa rí. gdal_translate -expand rgb á sọ ọ́ di bándì mẹ́ta aláwọ̀, fún títẹ̀ sórí ìwé.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ jù kò hàn lójú. Nígbà tí a bá ń tún ojú píksẹ́lì tò, ọ̀nà kan wà tó ń jẹ́ bilinear, tó máa ń fi nọ́ńbà àwọn aládùúgbò wá agbedeméjì. Ó dára fún gíga ilẹ̀. Fún àmì, àdàbọwọ́ ni: ní ẹnu ààlà igbó àti ilé, agbedeméjì 10 àti 50 jẹ́ 30, ìyẹn koríko! Gbogbo ibi tí ilé Ìbàdàn ti pàdé igi á wá ní ìgbànú koríko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn rí. Ẹ máa kọ -r near sínú gdalwarp fún irú fáìlì yìí, kí ẹ má sì fi JPEG dì í láéláé, torí JPEG náà máa ń yí nọ́ńbà díẹ̀díẹ̀.

Ti àwọn pátákó ìwé ilẹ̀ (survey plan) tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà sí kọ̀ǹpútà yá. Bó bá jẹ́ dúdú ló funfun tí funfun dúdú, 0 dúró fún funfun nínú fáìlì náà; ẹ yan White to black nínú Symbology. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣàjèjì pátápátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ CMYK, ètò yíǹkì mẹ́rin àwọn atẹ̀wé. Yíǹkì ń pa ìmọ́lẹ̀, iná ń tàn án, torí náà a kì í kàn gbé nọ́ńbà kan sí àyè èkejì: pupa = 255 × (1 − C) × (1 − K), bẹ́ẹ̀ náà ni M fún ewé àti Y fún búlúù. Ẹ yí i sí RGB kí ẹ tó kọ àdírẹ́sì ilẹ̀ sí i.

## Etí dúdú tí kò ṣeé gé

Sátẹ́láìtì máa ń ya ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣófo, wọ́n á fi 0 dí i. gdalwarp -srcnodata 0 -dstalpha á sọ ibẹ̀ di òfo. Tí fáìlì bá ti gba inú JPEG kọjá, 0 ìyẹn á ti di 1, 3, 7 létí àwòrán, ìdọ̀tí bí ẹ̀fúùfù èéfín á sì kù. nearblack -setalpha -o tuntun.tif aworan.tif ni oògùn rẹ̀: ó ń rìn láti etí wọlé, ó sì ń pa gbogbo ohun tó sún mọ́ dúdú títí tó fi kan àwòrán gidi.

## Ìlú ṣí kúrò ní àyè rẹ̀

Nọ́ńbà mẹ́ta wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ìbàdàn há sórí. Ní UTM 31, ètò òǹkà tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ jẹ́ EPSG:32631, àárín ìlú wà ní nǹkan bíi 604,000 àti 816,000. Ní ìwọ̀n dígírì, 3.9 àti 7.4. Ní EPSG:3857 tí àwọn àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, nǹkan bíi 439,000 àti 824,000. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wo Origin lẹ́ẹ̀kan, á mọ ètò tí fáìlì ń sọ. Bí ẹ bá fi 7.4 ṣáájú 3.9, Ìbàdàn á bọ́ sínú òkun, lápá gúúsù Bonny.

Èyí tó le jù ni ti Minna. Ètò òǹkà tí ọ̀pọ̀ pátákó ìwé ilẹ̀ wa àtijọ́ dúró lé gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Minna, ìpínlẹ̀ Niger. Ti sátẹ́láìtì jẹ́ WGS84. Nọ́ńbà méjèèjì jọra, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ ní 600,000 àti 810,000 bẹ́ẹ̀, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ka ọ̀kan bí èkejì ní Ìbàdàn, ààlà á ṣí ju 100 mítà lọ. Ilẹ̀ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 18 mítà. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju pulọ́ọ̀tì márùn-ún lọ tí ẹ ti fò kọjá. Owó tí ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá kó jọ ni ó ń bọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbí ni àṣẹ méjì ti ń da àwọn ènìyàn rú. -a_srs inú gdal_translate kàn ń yí orúkọ tí a kọ sára ìkòkò padà. Ẹ̀gúsí tí a kọ ẹ̀fọ́ rírò sí lára, ẹ̀gúsí náà ni. Ẹ lò ó nígbà tí orúkọ bá sọnù tàbí tó jẹ́ irọ́. gdalwarp ló ń se ọbẹ̀ tuntun, ó ń ṣírò nọ́ńbà láti ètò kan sí èkejì:

gdalwarp -s_srs EPSG:26331 -t_srs EPSG:32631 iwe_ile.tif iwe_ile_wgs.tif

26331 ni Minna ní UTM 31. Ìyípadà yìí lè fi mítà díẹ̀ yẹ̀, torí náà tó bá di ọ̀rọ̀ ààlà, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló ni í.

Fáìlì .tfw tàbí .jgw ní ìlà mẹ́fà péré, ẹ lè fi Notepad ṣí i. Ti àwòrán wa rèé:

10
0
0
-10
594005
825995

Ìlà kìíní àti ìkẹrin ni ìwọ̀n píksẹ́lì. Àmì ìyọkúrò iwájú 10 kejì ń sọ pé bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àwòrán, gúúsù là ń lọ. Bó bá sọnù, ìlú á dojú dé. Ìlà méjì tó kẹ́yìn ni àárín píksẹ́lì àkọ́kọ́. Origin tí gdalinfo sọ, igun ni: 594000 àti 826000. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà igun síbi tí àárín yẹ kó wà ti ṣí àwòrán ní ìlàjì píksẹ́lì. 5 mítà ni nínú Sentinel-2, 15 mítà nínú Landsat.

## Gíga ilẹ̀ tó ní Ìbàdàn wà lábẹ́ òkun

Ní February 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi ọjọ́ 11 wọn gíga ilẹ̀ ayé. SRTM ni orúkọ iṣẹ́ náà, àwọn tó ń wá ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà ní Ìbàdàn sì ń lò ó títí di òní. Fáìlì tiwa ni N07E003.hgt, ilẹ̀ tó bá kọjá dígírì 4 lápá ìlà-oòrùn wà nínú N07E004. Ẹ má yí orúkọ yẹn padà, torí òun nìkan ni àdírẹ́sì fáìlì náà, kò sí òmíràn nínú rẹ̀. Ìwọ̀n fáìlì ló ń sọ irú rẹ̀: 2,884,802 bytes túmọ̀ sí píksẹ́lì bíi 90 mítà, 25,934,402 sì jẹ́ bíi 30 mítà.

Bí ẹ bá ṣí i tí gbogbo rẹ̀ funfun, tí àmì dúdú kéékèèké wà níbì kan, àmì yẹn ni -32768, nọ́ńbà tí wọ́n fi dí ibi tí wọn kò rí wọ̀n. Kọ̀ǹpútà fa dúdú sí funfun láti -32768 dé ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo òkè Ìbàdàn wá há mọ́ra ní etí funfun. Ẹ kọ -32768 sí NoData, òkè á yọ.

Bí gíga bá jẹ́ nǹkan bíi -14336, irinṣẹ́ tí ẹ lò ka fáìlì láti ẹ̀yìn. Byte méjì ni gíga kọ̀ọ̀kan, .hgt sì máa ń fi èyí tó wúwo ṣáájú. 200 mítà jẹ́ 0 àti 200. Ẹni tó yí wọn padà á ka 200 sí ìgbà 256, ìyẹn 51200. Nínú ètò tó ní nọ́ńbà òdì, a ó yọ 65536 kúrò, ó di -14336. Ilẹ̀ kò rì. Ẹ jẹ́ kí QGIS ṣí .hgt fúnra rẹ̀, kí ẹ má gbé e wọlé bíi fáìlì tí kò ní orúkọ.

Ẹ má sọ gíga Ìbàdàn di Byte. 255 ni òpin Byte, ìlú wa sì ní òkè tó kọjá bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn á di pẹrẹsẹ ní orí, ẹni tó bá wá fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá ọ̀nà àgbàrá á rí omi tó dúró sórí òkè.

Ìdẹkùn kan náà wà nínú Save As ti QGIS. Ó máa ń béèrè Raw data tàbí Rendered image. Rendered image ń fi aṣọ pamọ́, ó ń ju ara nù: ẹ̀yin tí ẹ fi búlúù kun àfonífojì Ògùnpa, nọ́ńbà búlúù ló máa wà nínú fáìlì tuntun, mítà ti lọ. Raw data ni kí ẹ yàn nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ṣì máa ṣírò nǹkan lórí rẹ̀.

## Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́

Ẹ di .jpg àti .jgw pọ̀ sínú zip kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp. Bí ẹ bá fi .jpg ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á dín píksẹ́lì rẹ̀ kù, .jgw kò sì mọ̀. Ká ní àwòrán jẹ́ píksẹ́lì 4000 ní 10 mítà, 40 kìlómítà ni. Bó bá di 1600 lójú ọ̀nà, tí .jgw ṣì ń wí pé 10, gbogbo ilẹ̀ náà á sún kì sínú 16 kìlómítà. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má wá fáìlì mìíràn: 4000 tí a fi 1600 pín jẹ́ 2.5, torí náà ẹ ṣí .jgw, ẹ kọ 25 sí ìlà kìíní, -25 sí ìkẹrin, kí ẹ sì tún ìlà méjì tó kẹ́yìn ṣe, kí wọ́n bá àárín píksẹ́lì tuntun mu: igun pẹ̀lú 12.5 sí ìlà-oòrùn, igun pẹ̀lú 12.5 sí gúúsù.